Ṣé oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ìfun lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Ọmọ_Ọlálọmí (Ọ̀fà)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ abẹ ni ìyàwó mi fi bí àkọ́bí wa. Ní báyìí, ìju ti wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ó sì ti tóbi débi pé wọ́n ní àfi kí wọ́n gé e kúrò. Ìlọrin ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, lóṣù tó ń bọ̀. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀ láti ìgbà iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń pè é ní adhesion, pé èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí náà sì lè fa òmíràn. Ó ní ó lè dí ọ̀nà ọmọ, ó sì lè dí ìfun. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn, torí a ṣì fẹ́ bímọ sí i.

Mo yà ní kẹ́míìsì kan nígbà tí mo ń bọ̀. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ mú oògùn kan jáde tó ń jẹ́ serrapeptase. Ó ní kí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ìsinsìnyí, pé yóò máa jẹ ohunkóhun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, mi ò sì tíì rà á. Ṣé òótọ́ ni? Àbí òmíràn wà tó sàn jù ú lọ?

Apòògùn_Tanke

Ẹ kú àníyàn, Ọmọ Ọlálọmí. Ọlọ́run á bá wa ṣe é ní àṣeyè.

Kò sí oògùn tí ènìyàn ń gbé mì, yálà ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tí ẹ̀rí tó dájú wà fún pé kì í jẹ́ kí ìfun lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oògùn títà ni mo fi ń jẹun o. Ká ní ó wà ni, orí káńtà mi ni ẹ ò bá ti bá a.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo ìfun, tó sì tún bo ògiri ikùn lápá inú. Ó ń dán, ó tutù rinrin, òun ni kì í jẹ́ kí ìfun há mọ́ra bó ṣe ń rìn. Tí ọ̀bẹ bá kàn án, tàbí òwú, tàbí iná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ẹ́, ara á tú omi kan jáde síbẹ̀ tí yóò dì bí ẹ̀kọ. Fáíbírìn wà nínú omi yẹn, òun ló ń mú un dì. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ara fúnra rẹ̀ á yọ́ ọ dànù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn débẹ̀ kò bá tó, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá kù síbẹ̀, tàbí tí kòkòrò àrùn bá ti wọ̀ ọ́, kò ní yọ́ tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àpá á wọ inú rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di okùn líle. Ìfun á so mọ́ ògiri ikùn, ilé ọmọ á so mọ́ àpòòtọ̀. Nígbà tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó máa yọ́ ti yọ́, èyí tó máa di okùn sì ti ń dì í. Tó bá ti di okùn, kò sí kóró tó ń lọ gé e.

Wọ́n ti dán oríṣiríṣi wò: sítẹ́rọ́ọ̀dù, hẹ́párìnì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn ara yíyún, ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òmíràn ṣe dáadáa lára eku àti ehoro, àmọ́ tó bá dé ara ènìyàn, ẹ̀rí rẹ̀ kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tó ti le ni pé ohun tó ń lẹ ìfun mọ́ra yẹn náà ló ń pa ojú ọgbẹ́ pọ̀. Oògùn tó bá lágbára tó láti pa á run pátápátá lè jẹ́ kí ibi tí wọ́n rán tú.

Ní ti serrapeptase, wọ́n á sọ fún yín pé inú kòkòrò tó ń ṣe sẹ́dà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bakitéríà tó ń mú un jáde. Òótọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di oògùn adhesion. Èyí tó tún burú ni pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, iṣẹ́ abẹ ìju sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà gan-an. Ẹ má fún un lò o. Bó bá tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo nǹkan kan, kódà kó jẹ́ fítámì, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ àti ẹni tó máa fún un lóògùn oorun.

Baba_Ganmo

Ẹ̀yin oníkóró, ẹ̀yin náà lẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Láyé àwọn ìyá wa, obìnrin tó bá bímọ tán, omi gbígbóná àti àgbo ni wọ́n fi ń fọ inú rẹ̀ mọ́. Ìfun ta ló lẹ̀ mọ́ra nígbà náà? Ọmọ mi, lọ sí ọjà Ìpàtà, bi àwọn ìyá eléwé ọmọ, wọ́n á di í fún ọ. Kó máa mu ún láti ọjọ́ tó bá ti jáde ní tíátà.

Nọ́ọ̀sì_Onítíátà

Baba, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú sí mi, ikùn ìyá àgbà kò rí ọ̀bẹ. Ẹni tó bí wẹ́rẹ́ kò jọ ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀. Ẹ sì dákun, kí ẹnikẹ́ni má gbé àgbo fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní tíátà. Ìfun ṣì ń sùn nígbà yẹn. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ kò ní rí ọ̀nà lọ, èébì ló máa di.

Ọmọ Ọlálọmí, orí tábìlì tíátà ni wọ́n ti ń dènà ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yìí. Èmi ni mo máa ń to irinṣẹ́, n ó sì sọ ohun tí mò ń rí fún yín. Àwọn aṣọ funfun ńlá tí wọ́n fi ń ti ìfun sí ẹ̀gbẹ́ kan, a kì í nà án sí dókítà ní gbígbẹ. Inú abọ́ omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo máa ń rẹ ẹ́ sí. N ó fún un kó má kán tótó, n ó tẹ́ ẹ, kí n tó fi lé dókítà lọ́wọ́. Aṣọ gbígbẹ máa ń ha awọ tí apòògùn sọ yẹn, ojú sì lè má tètè rí i. Tí iṣẹ́ bá ń pẹ́, a ó máa bu omi yẹn sórí ìfun kó má gbẹ. Kí wọ́n tó rán ikùn pa, wọ́n á fọ inú rẹ̀, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde, wọ́n á sì wò ó dáadáa bóyá ibì kan ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ náà ńkọ́? Láyé àtijọ́, ìyẹ̀fun máa ń wà nínú rẹ̀ kó lè rọrùn láti wọ̀. Ìyẹ̀fun yẹn bá já sínú ikùn, ara á máa bá a jà, àpá á sì pọ̀ sí i. Àjọ FDA, tó ń rí sí oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fòfin dè é, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2017. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ lè béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá èyí tí kò ní ìyẹ̀fun ni wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ oníyẹ̀fun ló wà nílẹ̀, kí wọ́n ṣan ọwọ́ ìbọ̀wọ́ náà kí wọ́n tó fi kan ìfun.

Ní ti ìju gan-an, ẹ̀yìn ilé ọmọ ni ojú ọgbẹ́ ti máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan jù. Tí ibi tí ìju wà bá gbà á, dókítà á fẹ́ gba iwájú wọlé, á sì fẹ́ gba ojú kan ṣoṣo yọ ju ìju kan lọ. Àmọ́ ibi tí ìju bá jókòó sí ló ń pàṣẹ.

Ìyá_Ìbejì_Òmù-Àrán

Ẹ jẹ́ kí èmi tó rí i sọ tèmi. Àpẹ́ńdísì mi bẹ́ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n sì la ikùn mi. Mo jinná, mo lọ́kọ, mo bí ìbejì, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Á ká mi kò, á tú mi sílẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ díẹ̀ á tún ká mi kò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ikùn mi ti wú, ó ń dún bí ẹ bá gbá a. Èébì tí mò ń bì ti di aláwọ̀ ewé. Mi ò yàgbẹ́, mi ò só.

Ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ ní ibà àti ọgbẹ́ inú ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ìyá ọkọ mi ti po àgbo jẹ̀dí sílẹ̀ dè mí, wọ́n ní jẹ̀dí ló ká mi nínú. Ọkọ mi ló gba ife lọ́wọ́ wọn tó gbé e sẹ́yìn fíríìjì, tó wá wa mọ́tò sí Ìlọrin lóru yẹn. Wọ́n ya ẹ́síréè mi ní ìdúró. Dókítà kékeré kan fọwọ́ tọ́ka sí i fún ọkọ mi: ìfun ti kún fún afẹ́fẹ́, omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn rí?" Àpá àpẹ́ńdísì àtijọ́ yẹn ni. Okùn kan ti so mọ́ ìfun níbẹ̀.

Wọn ò là mí o. Wọ́n ti rọ́bà gba imú mi wọ inú, omi aláwọ̀ ewé sì ń ṣàn sínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọn ò jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkankan. Wọ́n tún gba inú rọ́bà yẹn da omi kan tó ń jẹ́ Gastrografin sí mi nínú, wọ́n sì tún ya ẹ́síréè. Wọ́n ní tí omi yẹn bá dé ìfun ńlá láàárín wákàtí 24, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ṣí fúnra rẹ̀. Ó dé ibẹ̀. Nígbà tí mo só, nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Aláwàdà_Ọjà-Ọba

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ilé ìwòsàn nìkan ni mo ti rí i tí ènìyàn só tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ só bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò Ọ̀fà Garage wò!

Nọ́ọ̀sì_Onítíátà

@Aláwàdà, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ìsó yẹn là ń béèrè láràárọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Alhaji ńlá á máa tijú, á ní "mi ò mọ̀". Ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ fún wa.

Ọmọ_Fásitì_Màlété

Ẹ kú ìjíròrò. Mo kà á pé àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ lórí nǹkan kan tó ń jẹ́ T-5224. Ìwé tí wọ́n gbé jáde nínú Nature Communications ní 2020 sọ pé jíìnì kan, JUN, ló máa ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì alápàá yẹn jí, T-5224 sì ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n pò ó mọ́ nǹkan kan tó ń yọ̀, tí wọ́n ń fọ́n sínú ikùn kó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, adhesion sì dín kù lára eku àti ẹlẹ́dẹ̀. Ǹjẹ́ a ò lè bá Ọmọ Ọlálọmí wá èyí?

Apòògùn_Tanke

O ṣeun, ọmọ mi, o ka ìwé. Làkúrègbé ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe T-5224 níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ eku àti ẹlẹ́dẹ̀ ni o sọ yẹn. Kò tíì sí lórí káńtà níbì kankan fún iṣẹ́ yìí. Kíyè sí i pé òun náà kì í ṣe kóró tí wọ́n ń gbé mì: inú ikùn ni wọ́n ń fi í sí kí wọ́n tó rán an pa.

Irú èyí tó ti wà lọ́jà ni àwọn ohun ìdènà tí dókítà ń fi sáàárín ibi méjì kí wọ́n má bàa kanra ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ yẹn, lẹ́yìn náà ara á fà á mu. Interceed jọ aṣọ, FDA fọwọ́ sí i ní 1989. Seprafilm jọ bébà, ó dé ní 1996. Adept jẹ́ omi tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú ikùn, icodextrin ló wà nínú rẹ̀, 2006 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ abẹ oníhò ti àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n ń gba ihò kékeré ṣe láìla ikùn. Wọ́n ń dín ìlẹ̀mọ́ra kù, wọn kì í pa á rẹ́. Olúkúlùkù sì ní ìwà tirẹ̀. Interceed kì í fẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń rin níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Seprafilm máa ń ṣẹ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ tó bá tutù. Wọn kì í sì í fi í wé ibi tí wọ́n ti gé ìfun tí wọ́n tún so pọ̀, torí ibẹ̀ lè máa jò. Nítorí náà, dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kó lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun ń tà á lórí WhatsApp.

Ọmọ_Ọlálọmí (Ọ̀fà)

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti fi owó serrapeptase sápò. Ìbéèrè mìíràn: èyí tí wọ́n ń fi ihò kékeré ṣe, tí wọn ò ní la ikùn, ṣé kò ní sàn fún un? Tó bá sì délé, ṣé kó máa sùn ni àbí kó máa rìn? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní tó bá ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù, ìfun ò ní lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Onítíátà

Iṣẹ́ oníhò máa ń dín in kù, torí ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ kì í kan inú púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìju ni wọ́n lè fi í yọ, pàápàá tó bá tóbi tàbí tó pọ̀. Ẹni tí wọ́n ti là rí náà, wọ́n á ṣọ́ra kí wọ́n tó tọ́ irinṣẹ́ bọ inú rẹ̀, torí ìfun lè ti lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé. Dókítà tó ti rí síkáànì ìyàwó yín ló lè sọ.

Kó máa rìn o. Kó dìde ní kété tí wọ́n bá ti ní kó dìde, kódà kó jẹ́ láti bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Rírìn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sẹ́sẹ̀, ìfun náà á sì tètè jí. Ṣíńgọ́ọ̀mù náà ń jí ìfun, a máa ń fún wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí dókítà bá gbà. Àmọ́ jíjí ìfun yàtọ̀ sí dídènà adhesion, kò sí ẹ̀rí pé èyíkéyìí nínú wọn ń ṣe ìyẹn.

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ni kí ẹ há sórí, kì í ṣe fún oṣù yìí nìkan, torí ó lè tó ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé. Inú tó ń run tó ń dá wọ́ tó tún ń padà wá, èébì aláwọ̀ ewé, ikùn wíwú, kò só, kò yàgbẹ́: kó má jẹun, kó má mu àgbo, kó má lo oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́ tàbí kó fa omi sí ìdí, ilé ìwòsàn tó ní tíátà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ tààrà. Tí ìrora náà bá wá dúró gangan tí kò dá wọ́ mọ́, tí ara sì gbóná, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ìfun yẹn mọ́. Ìyẹn kò ní dúró di àárọ̀.

Abíọ́dún_Share

Ẹ jọ̀ọ́, ti ọmọdé ńkọ́? Táífọ́ọ̀dù ló lu ìfun ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n la ikùn rẹ̀, ó ti wà nílé. Gbogbo ìgbà tí inú bá run ún ni ìyá rẹ̀ máa ń sunkún pé ìfun ti lẹ̀.

Apòògùn_Tanke

Abíọ́dún, ẹ kú ewu ọmọ. Ìfun tó lu tí ìdọ̀tí sì ti dà sínú ikùn wà lára ohun tó ń fa adhesion jù, n kò ní tan yín. Ṣùgbọ́n níní ìlẹ̀mọ́ra nìkan kì í ṣe àìsàn. Ìwádìí Menzies àti Ellis ní 1990 wo 210 ènìyàn tí wọ́n ti la ikùn wọn rí, 93 nínú 100 ló ní in, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ní Scotland, wọ́n tẹ̀lé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún ní 1986 fún ọdún 10. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló padà sí ilé ìwòsàn nítorí ohun tó lè jẹ mọ́ ọn tàbí nítorí iṣẹ́ abẹ mìíràn tó lè di ìṣòro nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣa èyí tó dájú pé adhesion gan-an ló fà á nínú gbogbo ìpadàwá yẹn, kò tó 6 nínú 100. Nítorí náà, inú rírun ọmọ lè jẹ́ aràn, ó sì lè jẹ́ ebi. Àwọn àmì tí nọ́ọ̀sì kà sílẹ̀ ni kí ìyá rẹ̀ máa ṣọ́.

Baba_Ganmo

Mo ti gbọ́ ti àgbo. Kí wọ́n máa fi òrí ra á nínú ńkọ́, kí okùn yẹn lè dẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Onítíátà

Baba! Kí ojú ọgbẹ́ kọ́kọ́ jinná ná o. Ẹ máa fi òrí ra á lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ má tẹ ikùn.

Ọmọ_Ọlálọmí (Ọ̀fà)

Ẹ̀yin ará, a ti padà rí dókítà. Mo kọ ìbéèrè sórí bébà, ọkùnrin náà kò bínú, ó jókòó dá wa lóhùn. Ó ní ìju náà tóbi ju ohun tí iṣẹ́ oníhò lè yọ lọ, wọ́n á là á. Iwájú ni èyí tó tóbi jù wà, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Ìbọ̀wọ́ aláìníyẹ̀fun ni wọ́n ń lò. Ohun ìdènà kò sí lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá bá okùn àtijọ́ nínú, òun á gé èyí tó bá di ilé ọmọ lọ́wọ́, òun ò ní fọwọ́ kan èyí tí kò ṣe nǹkankan, torí gígé náà ń dá tuntun sílẹ̀.

Ohun tó kù báyìí ni ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí a wá páìntì méjì sílẹ̀, O pọ́sítíìfù ni. Àbúrò mi á fa ọ̀kan. Ta ló wà nítòsí Ìlọrin?

Aláwàdà_Ọjà-Ọba

Èmi nìyí, O pọ́sítíìfù ni mí, mo sì ti fa ẹ̀jẹ̀ rí. Ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Ẹ ra Máltínà dè mí.